Ọkọ mi ti ṣe vasectomy kí a tó fẹ́ra: ọ̀nà wo ni kí a kọ́kọ́ gbà wá ọmọ?

Àdùkẹ́, Birmingham

Mo kí gbogbo ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi níbí. Ọmọ ọdún 37 ni mí, n kò sì tíì bímọ rí. Ọkọ mi ti bí ọmọ mẹ́ta pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ àkọ́kọ́, tí ó ti di olóògbé báyìí. Nígbà tí wọ́n bí àbíkẹ́yìn wọn, díẹ̀ ni ó kù kí oyún náà gba ẹ̀mí ìyá, dókítà sì kìlọ̀ pé kò gbọdọ̀ lóyún mọ́, ìdí nìyẹn tí ọkọ mi fi lọ ṣe vasectomy, iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń gé iṣan tí sípáàmù (irúgbìn inú àtọ̀) ń gbà jáde, níbí ní Ìlú Ọba. Ọdún 11 ti kọjá láti ìgbà náà. Kò fi ọ̀rọ̀ yìí pamọ́ fún mi kí a tó ṣe ìgbéyàwó, àwa méjèèjì ni a sì jọ ń wá ọmọ báyìí.

Dókítà wa sọ pé wọ́n lè tún iṣan tí wọ́n gé so pọ̀, tàbí kí wọ́n fa sípáàmù jáde láti inú kórópọ̀n rẹ̀, kí wọ́n sì fi ṣe IVF, ìyẹn ni pé kí wọ́n pa á pọ̀ mọ́ ẹyin mi níta ara. Ó ní NHS, ètò ìlera ìjọba níbí, kì í sábà san owó èyíkéyìí nínú wọn fún ẹni tí ó fi ìfẹ́ inú ara rẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ náà, owó ọwọ́ wa kò sì lè ká méjèèjì. Ìyá ọkọ mi ní kí a máa gbàdúrà. Mo ń gbàdúrà, ṣùgbọ́n mo fẹ́ mọ ohun tí ó yẹ kí a máa ṣe pẹ̀lú rẹ̀. Èwo ni kí a kọ́kọ́ ṣe?

Ìyá Ìbùkún (nọ́ọ̀sì)

Arábìnrin wa, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ̀ka tí ó ń tọ́jú àwọn tí ń wá ọmọ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, ọ̀dọ̀ ọkọ ni gbogbo ojú máa ń wò, bẹ́ẹ̀ sì ni ọjọ́ orí ìyàwó ni ó sábà máa ń sọ ọ̀nà tí ó yẹ kí a tọ̀.

Vasectomy kò dá kórópọ̀n dúró. Lójoojúmọ́ ni ó ń pèsè sípáàmù, ara a sì máa gbà á padà nítorí pé ọ̀nà tí ó fi ń jáde ti dí. Nítorí náà ni ìrètí fi ṣì wà lẹ́yìn ọdún 11. Ní ti títún iṣan so, ìwádìí ńlá kan tí wọ́n gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1991, lórí àwọn ọkùnrin tí ó lé ní 1,400, fi hàn pé bí ọdún bá ṣe ń pọ̀ sí i ni àǹfààní rẹ̀ ń dín kù. Nínú ọgọ́rùn-ún ọkùnrin tí kò tíì lo ọdún 3 lẹ́yìn vasectomy, sípáàmù padà sínú àtọ̀ àwọn 97, ìyàwó àwọn 76 sì lóyún. Láàárín àwọn tí ó ti lo ọdún 9 sí 14, níbi tí ọkọ yín wà, ó padà fún 79, ṣùgbọ́n ìyàwó 44 péré ni ó lóyún. Ẹ wo bí 79 ṣe jìnnà sí 44. Ọ̀nà lè ṣí kí oyún má dé, nítorí pé ara àwọn ọkùnrin kan ti ń bá sípáàmù tiwọn jà, ẹyin obìnrin náà sì ní ipa tirẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, ó lè gba ọ̀pọ̀ oṣù kí sípáàmù tó hàn, kí ẹ sì tún máa retí oyún fún ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Obìnrin ọmọ ọdún 28 lè fara balẹ̀ dúró. Fún yín, àkókò ṣe pàtàkì, torí pé lẹ́yìn ọdún 35 ni ẹyin máa ń yára dín kù, tí dídára rẹ̀ náà sì ń lọ sílẹ̀.

Ní ti IVF, sípáàmù tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ fà jáde kì í pọ̀, kì í sì í lágbára tó láti wọ inú ẹyin fúnra rẹ̀. Ẹyọ kan ni wọ́n máa ń mú, tí wọn a fi abẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ gbé e sínú ẹyin. ICSI ni wọ́n ń pè é, láti ọdún 1992 sì ni wọ́n ti ń fi í bímọ. Ẹ̀yin ni ẹ ó gba abẹ́rẹ́ tí ń mú ẹyin gbó, ìnira rẹ̀ kò sì kéré.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ọkọ yín tó dùbúlẹ̀ fún oníṣẹ́ abẹ kankan, ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ yín fún AMH, tí ó ń fi bí ẹyin yín ṣe kù tó hàn, kí wọ́n ya àwòrán ilé ọmọ nítorí fibroid tí ó wọ́pọ̀ láàárín àwa obìnrin aláwọ̀ dúdú, kí wọ́n sì wò ó bóyá ọ̀nà tí ẹyin ń gbà kọjá ṣí. Bí ọ̀nà méjèèjì bá dí, owó òfò ni títún iṣan ọkọ so. Ẹ kò sì sọ genotype yín fún wa.

Bàbá Tèmítọ́pẹ́

Wọ́n ti tún iṣan tèmi so, Olúwa sì fi ọmọbìnrin kan jíǹkí wa, ṣùgbọ́n ìyàwó mi kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún nígbà náà, nítorí náà mo gbà pẹ̀lú nọ́ọ̀sì. Ohun tí ó dára nínú rẹ̀ ni pé bí ó bá ti ṣiṣẹ́, ẹ lè bí ju ọmọ kan lọ láìtún padà sí ilé ìwòsàn.

Bí ẹ bá yàn án, ẹ wádìí ọwọ́ oníṣẹ́ abẹ náà dáadáa. Kí ó jẹ́ ẹni tí ó ń lo maikirosíkóòpù, nítorí pé òwú tí wọ́n fi ń rán iṣan náà tínrín ju irun orí lọ. Nígbà mìíràn, bí wọ́n bá ṣí iṣan, omi inú rẹ̀ kò ní ní sípáàmù rárá, èyí tí ó lè fi hàn pé ibòmíràn tún ti dí nítòsí kórópọ̀n. Iṣẹ́ tí ó le jù ni wọn yóò ṣe nígbà náà, kì í sì í ṣe gbogbo oníṣẹ́ abẹ ni ó mọ̀ ọ́n. Ẹ bi í ṣáájú bóyá ó lè ṣe é, kí ẹ sì bi í bóyá wọ́n lè bá yín tọ́jú sípáàmù tí wọ́n bá rí lọ́jọ́ náà sínú yìnyín, kí ó má baà di pé wọ́n tún ń la ọkọ yín lẹ́ẹ̀kejì.

Abẹ̀ní, Leeds

Àtọ̀ olóore, èyí tí ọkùnrin mìíràn fi sílẹ̀ fún àwọn tí ń wá ọmọ, náà wà. Bí ọkọ yín bá fọwọ́ sí i ní ilé ìwòsàn tí ó ní ìwé àṣẹ, òun ni bàbá ọmọ lójú òfin Ìlú Ọba. Ẹ mọ̀ ṣáá pé bí olóore náà bá forúkọ sílẹ̀ lẹ́yìn 1 oṣù kẹrin ọdún 2005, ọmọ náà ní ẹ̀tọ́ láti mọ orúkọ rẹ̀ bí ó bá pé ọdún 18. Ẹ má ṣe gba àtọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ẹ bá pàdé lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Àdùkẹ́, Birmingham

Ẹ ṣeun púpọ̀. Ọkọ mi kò tíì fẹ́ gbọ́ nípa àtọ̀ ẹlòmíràn, n kò sì ní fi dandan mú un. AS ni àwa méjèèjì.

Ìyá Ìbùkún (nọ́ọ̀sì)

Èyí yí ọ̀rọ̀ padà. Bí ẹ bá tún iṣan so, nínú oyún mẹ́rin, ọ̀kan lè jẹ́ SS, ìyẹn ẹni tí ó ní sickle cell, ẹ kò sì ní mọ̀ títí oyún yóò fi dúró. Nípasẹ̀ IVF, wọ́n lè yẹ ọlẹ̀ wò fún sickle cell kí wọ́n tó gbé e sínú ilé ọmọ. Ní ojú tèmi, ẹ̀gbẹ́ IVF ni òṣùwọ̀n tẹ̀ sí fún yín, àyàfi tí àyẹ̀wò ẹyin yín bá sọ nǹkan mìíràn. Ẹ ní kí GP yín (dókítà ìdílé) kọ ìwé sí ẹ̀ka àìsàn àjogúnbá ní ilé ìwòsàn agbègbè yín, kí ẹ sì bi wọ́n bóyá NHS lè san owó àyẹ̀wò ọlẹ̀ náà, nítorí pé òfin tirẹ̀ yàtọ̀ sí ti IVF lásán. Kí ọkọ yín bá yín lọ.