Ìṣápá kò di àwọ̀ ewé nínú omi eérú: kí ló fà á?

Olùkọ́Akóbọ̀: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. SS1 ni mò ń kọ́, orí ásíìdì àti álíkálì la sì wà. Pépà lítímọ́ọ̀sì, tí àwọ̀ rẹ̀ ń fi ásíìdì àti álíkálì hàn, ti tán, ni mo bá ra ìṣápá pupa gbígbẹ tí wọ́n fi ń ṣe sóbò, káún, eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ ní ọjà Bódìjà. Sóbò pọ́n dáadáa nínú omi ọsàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo da ìdajì ife sóbò pọ̀ mọ́ ìdajì ife omi eérú, tó jẹ́ álíkálì, kò di àwọ̀ ewé bó ṣe yẹ, ó kàn rí bí omi ẹrẹ̀ ni. Èkejì: mo kán omi ọsàn sínú omi eérú, kò hó rárá, bẹ́ẹ̀ káún hó gan-an. Ṣé eérú yẹn ni kò dáa? Ọjọ́bọ̀ ni màá tún un ṣe níwájú àwọn ọmọ.

BàbáLáàbù: Ẹ kú ìmúra, Olùkọ́. Ó jọ pé eérú yín dáa, sóbò ló pọ̀ jù. Ìṣápá fúnra rẹ̀ kan, ásíìdì ló kún inú rẹ̀, pH (òṣùwọ̀n ásíìdì, tó bá ti kéré sí 7, ásíìdì ni) sóbò tó ki sì ń wà ní nǹkan bí 2.5. Tí ẹ bá dà á pọ̀ ní ìdajì sí ìdajì, ásíìdì inú sóbò á ti pa agbára omi eérú kí àwọ̀ tó ráyè yí padà.

Ẹ wọn ìṣápá gíráàmù 5, ẹ da omi gbígbóná mílílítà 100 lé e, ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ sì sẹ́ ẹ. Ẹ má sè é lórí iná títí, ooru tó pẹ́ ń ba àwọ̀ rẹ̀ jẹ́. Kò gbọdọ̀ ní ṣúgà, atalẹ̀ tàbí ọ̀pẹ òyìnbó nínú. Ẹ wá bu mílílítà 20 ohun tí ẹ fẹ́ dán wò sínú ife funfun, kí ẹ kán ẹ̀kán sóbò 5 péré sí i. Omi káún àti omi eérú á di àwọ̀ ewé lójú ẹsẹ̀. Kí àwọn ọmọ tètè kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, torí tó bá pẹ́ nínú álíkálì, á di rúsúrúsú.

Omi eérú: ife eérú igi tàbí ti èèpo kòkó kan sí ife omi mẹ́rin, ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú, omi tó tòrò sókè ni kí ẹ lò. Eérú tí òjò ti pa kò wúlò mọ́, òjò ti fọ álíkálì inú rẹ̀ lọ.

Àdùkẹ́Kẹ́mí: Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ti ìhó. Pọtásíọ̀mù kábọ́nétì, K₂CO₃, ló wà nínú omi eérú, ẹsẹ̀ méjì ló sì máa ń gbé kí gáàsì tó jáde. Ásíìdì tó kọ́kọ́ kán sí i kàn ń sọ kábọ́nétì di báíkábọ́nétì ni:

CO₃²⁻ + H⁺ → HCO₃⁻

Kò sí gáàsì níbẹ̀. Ìgbà tí kábọ́nétì bá tán tí ásíìdì ṣì ń wọlé ni CO₂ (gáàsì kábọ́nì dàyọ́ksáìdì) máa tó tú jáde. Nítorí náà, ẹ yí i padà: kí omi ọsàn wà nínú ife, omi eérú ni kí ẹ máa dà sí i. Ásíìdì á ti pọ̀ jù láti ìbẹ̀rẹ̀, á sì hó lójú yín.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ K₂CO₃ fún káún sójú pátákó. Orúkọ “pọ́táṣì” tí a ń pè é ló ń ṣi èèyàn lọ́nà. Sódíọ̀mù ló pọ̀ nínú káún. Kábọ́nétì àti báíkábọ́nétì ló jọ wà nínú rẹ̀. Bí káún ṣe ń bá ásíìdì sítíríìkì inú ọsàn (C₆H₈O₇) ṣe nìyí:

Na₃H(CO₃)₂ + C₆H₈O₇ → Na₃C₆H₅O₇ + 2CO₂ + 2H₂O

Omi ọsàn wẹ́wẹ́ mílílítà 20 máa ń ní ásíìdì sítíríìkì tó nǹkan bíi gíráàmù 1. Káún tó mọ́ gíráàmù 1.2 ló máa bá a dọ́gba, gáàsì tó máa jáde sì lè tó mílílítà 250. Iyanrìn wà nínú káún ọjà, ẹ lo gíráàmù 2. Ẹ lè fi bàlúùnù dé ẹnu ìgò kí wọ́n rí i bó ṣe ń wú, ṣùgbọ́n ẹ má fi ìdérí dé e pa.

ÌyáOníṣápá: Mo fara mọ́ ẹ̀kán 5 yẹn, àmọ́ ìṣòro kan ṣì wà. Ẹ kán an sínú píọ̀ wọ́tà lásán, á ṣe pupa fẹ́ẹ́rẹ́, ọmọ á sì kọ ọ́ pé ásíìdì ni omi. Ásíìdì inú sóbò ló rí yẹn.

Ẹ kọ́kọ́ tọ́jú sóbò náà. Ẹ máa kán omi káún sí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa rò ó, títí pupa á fi kúrò tí á di àwọ̀ àlùkò. Ẹ dúró níbẹ̀. Tó bá ti ń jọ ewé, ó ti kọjá ibi tí a ń fẹ́, ẹ dá sóbò díẹ̀ padà sí i. Nígbà náà, omi lásán kò ní yí i padà, omíkan á mú un pọ́n, omi ọṣẹ á sọ ọ́ di ewé. Kì í pẹ́ ṣá, ẹ lò ó kí wákàtí kan tó pé. Ẹ má sì lo omi kànga fún ìdánwò yìí, báíkábọ́nétì lè wà nínú rẹ̀.

Olùkọ́Akóbọ̀: Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti gbìyànjú ẹ̀kán 5, ó di ewé loòótọ́! Ọmọ kan fẹ́ mú bílíìṣì wá. Álíkálì ni, àbí?

BàbáLáàbù: Álíkálì ni, ṣùgbọ́n kò ní fi hàn yín. Sódíọ̀mù haipokílóráìtì inú rẹ̀ á jẹ àwọ̀ ìṣápá run, á di omi aláìláwọ̀, àwọn ọmọ kò sì ní mọ èyí tí wọ́n máa kọ. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni garawa ìdànù. Bí ife bílíìṣì àti ife omi ọsàn bá pàdé nínú rẹ̀, gáàsì kílóríìnì ló máa jáde, ó sì ń jó èèyàn lẹ́dọ̀fóró. Ẹ ní kó fi sílé. Omi bátìrì mọ́tò náà kò gbọdọ̀ wọ kíláàsì, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ ni ásíìdì súlífúríìkì. Omíkan àti ọsàn wẹ́wẹ́ ti tó fún Ọjọ́bọ̀.