Ẹ̀yin tó ti ka Antigone, ibo ló mú yín lọ́kàn jù?

Ọmọ Lítíréṣọ̀: Ẹ̀yin ará, eré tí Sophocles kọ ní Áténì ní nǹkan bí ọdún 441 ṣáájú ìbí Jésù yìí ni wọ́n ní ká kà. Mo rò pé màá kà á sùn ni. Àfi bí mo ṣe dé ibi tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ti gbá erùpẹ̀ kúrò lára òkú Polynices, ọmọ ìyá Antigone tí ọba Creon ní kí ẹnikẹ́ni má sin, tí wọ́n wá lọ jókòó sórí òkè níbi tí atẹ́gùn ò ti ní gbé òórùn rẹ̀ bá wọn. Mo pa ìwé dé. Ìgbà tí mo ṣí i padà, Antigone ti dé ìdí òkú, ó ń ké bí ẹyẹ tí wọ́n kó ọmọ rẹ̀ lọ nínú ìtẹ́. Ẹ̀yin ńkọ́?

Àdùkẹ́: Ibi tí Antigone ti ní bí ọkọ òun bá kú, òun á fẹ́ òmíràn, bí ọmọ kú, òun á bí òmíràn, àmọ́ bàbá àtìyá òun ti lọ, ibo lòun á ti rí ọmọ ìyá míì? Mo sọ ọ́ fún màmá mi ní Yorùbá níbi tí wọ́n ti ń já ẹ̀fọ́. Wọ́n dáwọ́ dúró. Àbúrò wọn kan ṣoṣo ti kú.

Bọ̀dá T: Ta ló ń sọ pé bí ọmọ kú òun á bí òmíràn? Ọ̀rọ̀ ẹni tí kò tíì bímọ nìyẹn.

Ayékòótọ́: Goethe, òǹkọ̀wé ará Jámánì, náà ò fẹ́ ibẹ̀ yẹn rárá. Ó wù ú kí ọ̀mọ̀wé kan fi hàn pé Sophocles kọ́ ló kọ ọ́. Àmọ́ Aristotle, onímọ̀ ará Gíríìkì, ti fa ọ̀rọ̀ náà yọ láyé àtijọ́.

Gbénró: Polynices yìí ló kó ogun ìlú Argos wá bá ìlú bàbá rẹ̀ o. Ta lẹ fẹ́ kó sin ín?

Ọmọ Lítíréṣọ̀: Creon tó ní kí wọ́n má sin ín, ọmọ ìyá ìyá rẹ̀ ni!

Gbénró: Ọba ni. Ìlú ló kọ́kọ́ ń jẹ́.

Ìyá Ìbejì: Gbénró, rọra. Ìgbà tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi kú, àwọn àgbà ẹbí ní òkú rẹ̀ ò ní wọ agboolé, torí ó ta ilẹ̀ ẹbí láì sọ fún ẹnikẹ́ni. Òkú wà ní mọ́ṣúárì, owó ń gorí owó, ìpàdé lónìí, ìpàdé lọ́la. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí kì í lanu sọ̀rọ̀ níwájú àwọn ọkùnrin, ló dìde lọ́jọ́ kan. Ó ní bí wọn ò bá gbẹ́ ilẹ̀, òun á gbẹ́ ẹ. Ó sì lọ mú ọkọ́ lẹ́yìnkùlé lóòótọ́! Wọ́n gbẹ́ ẹ. Ojú màmá yẹn ni mò ń rí látìgbà tí mo ti ṣí ìwé yìí ní yunifásítì. Olùkọ́ fẹ́ ká kọ ọ́ pé agídí ló pa Antigone. Mi ò kọ ọ́.

Àdùkẹ́: Ṣé màmá ṣì wà?

Ìyá Ìbejì: Wọ́n wà o. Wọ́n ń ta èlùbọ́.

Gbénró: Ilẹ̀ ẹbí kọ́ ni ogun.

Bọ̀dá T: Òkú ni òkú.

Ẹyẹlé: Kò sẹ́ni tó ń ro ti Ismene, ọmọ ìyá Antigone obìnrin? Ẹ̀rù bà á, ó sì sọ ọ́. Ìgbà tó wá ní òun á bá ẹ̀gbọ́n òun kú, Antigone lé e. Mo bínú gan-an.

Àdùkẹ́: Kó má baà kú ló ṣe lé e.

Ẹyẹlé: Ìgbéraga ni. Ẹ tún ibẹ̀ kà.

Ayékòótọ́: Ẹ wá Tegonni tí Fẹ́mi Òṣófisan kọ. Ilẹ̀ Yorùbá lábẹ́ òyìnbó ló gbé e sí, Antigone fúnra rẹ̀ sì wọ inú eré náà.

Ọmọ Lítíréṣọ̀: Màá wá a. Ohun tó ń dùn mí báyìí: àwọn àgbà ìlú ní kí Creon kọ́kọ́ lọ tú ọmọbìnrin náà sílẹ̀, kó tó mọ ibojì. Òkú ló kọ́kọ́ lọ sin. Ó fi máa dé ihò àpáta tó ti Antigone mọ́ láàyè, ọmọ ti pokùn so.

Gbénró: Òkú yẹn náà lẹ ní kó sin látàárọ̀.

Ìyá Ìbejì: Ìgbà tó yẹ kó sin ín ti kọjá, Gbénró.