Èèwọ̀ ara kọ́, ìkọ̀ ara ni

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀gbọ́n wa dábàá pé kí á máa pe alẹ́jì, ìyẹn kí ara ènìyàn kọ nǹkan kan, ní èèwọ̀ ara, kí á sì máa pe ọ̀já orúkọ tí wọ́n ń so mọ́ aláìsàn lọ́wọ́ ní ìdè ọwọ́. Mi ò lè fọwọ́ sí méjèèjì, nítorí ohun tí ojú mi rí lẹ́nu iṣẹ́ ògbufọ̀ ní ilé ìwòsàn kan ní Lọ́ńdọ̀nù.

Nọ́ọ̀sì ní kí n bi ìyá àgbà kan bóyá wọ́n ní alẹ́jì. Mo ní, "Mọ́mì, ǹjẹ́ ẹ ní èèwọ̀ kankan?" Wọ́n ní, "Ilé wa kì í jẹ òkété." Ìdáhùn wọn pé, ìbéèrè mi ni ò pé. Mo tún un bi: "Ṣé nǹkan kan wà tí ara yín kọ̀?" Wọ́n bá ká apá aṣọ sókè. Abẹ́ ọ̀já ti pọ́n, ó sú wínníwínní, ó sì ti bó níbi tí wọ́n ti ń họ ọ́.

Èèwọ̀, ìdílé àti òrìṣà ló ni ín. Ènìyàn lè jẹ ẹ́ kí ara má sọ nǹkan kan. Bí kọ̀sílẹ̀ ṣe di ìkọ̀sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ara kọ̀ ọ́ lè di ìkọ̀ ara. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo yíyún ni ìkọ̀ ara o. Bí òógùn bá há sábẹ́ ọ̀já tó fún jù, ara bíbó lásán nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ pé rọ́bà tàbí gọ́ọ̀mù inú rẹ̀ ni ara kọ̀, ó sábà máa ń tó ọjọ́ kan sí méjì kó tó sú, ó sì lè tàn kọjá ibi tí ọ̀já dé.

Nọ́ọ̀sì yẹn kò kàn já a dànù. Ó so tuntun mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ wọn, lórí báńdéèjì, kó tó gé ti àkọ́kọ́, torí aláìsàn tí kò ní orúkọ lára lè gba oògùn tàbí ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn.

Ìdè ńkọ́? Ẹlẹ́wọ̀n là ń fi ìdè sí lọ́wọ́. Ọ̀já ìdánimọ̀ ni kí á pè é. Láti 2007 ni ìlànà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ní kó jẹ́ funfun, kí pupa wà fún ẹni tó ní ewu bí alẹ́jì. Ẹ jẹ́ kí pupa yẹn jẹ́ ọ̀já ìkìlọ̀. Bí a bá pè é ní ọ̀já ìkọ̀ ara, ẹnìkan yóò rò pé ọ̀já gan-an ni ara kọ̀.