Káàdì àwòrán GTX 1660 Super tòkunbọ̀ àbí 1660 lásán: ṣé owó tí wọ́n fi lé e tọ́ sí i?

Adìgún_Fídíò
Ẹ̀yin tèmi, mo kí yín o. Fídíò òde ni mò ń ṣe l'Óṣogbo, ìgbéyàwó, òkú àgbà, ìkómọ, gbogbo ẹ̀ náà ni, Premiere ni mo fi ń gé e, tó bá wá dalẹ́ tíṣẹ́ tán mo máa ń fi gèémù GTA V gbafẹ́ díẹ̀. Káàdì àwòrán GTX 1050 Ti 4GB (òun ló ń gbé àwòrán sójú sìkíríìnì) ló wà nínú kọ̀ǹpútà mi, agbára ẹ̀ ò gbé e mọ́, tí mo bá ti to fídíò kámẹ́rà méjì pọ̀ tí mo wá fi kọ́lọ̀ sí i, ńṣe ló máa dákú síbẹ̀. Ẹnì kan tó ń ta ọjà tòkunbọ̀ n'Íkẹjà ní mẹ́rin wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ òun: GTX 1660, GTX 1660 Super, GTX 1070 8GB, RX 580 8GB. Ó ní kí n fowó díẹ̀ kún un kí n mú Super, pé wọ́n ti tún ìyẹn ṣe. Kí gan-an ni wọ́n tún ṣe níbẹ̀? Àbí orúkọ ni wọ́n fẹ́ fi gbowó lọ́wọ́ mi? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ tètè dá mi lóhùn, ó ní ẹlòmíì ti ń bèèrè ẹ̀ (bí wọ́n ṣe máa ń wí náà nìyẹn).

Àbẹ̀kẹ́_PC
Ẹ kú iṣẹ́ o Adìgún. Ẹ fi orúkọ sílẹ̀, Super kan ò jọ Super kan, ohun tí wọ́n pààrọ̀ nínú ẹ̀ ni kẹ́ẹ máa bèèrè. Tó bá jẹ́ 1660 yìí, ọpọlọ kan náà ló wà nínú méjèèjì, TU116, CUDA core (ẹ̀yà kéékèèké tó ń ṣe ìṣirò nínú ẹ̀) 1408 níbí, 1408 lọ́hùn-ún. Mẹ́mórì ni wọ́n yí padà. 1660 tó jáde loṣù kẹta 2019 ń lo GDDR5, Super tó tẹ̀lé e loṣù kẹwàá ọdún yẹn náà ń lo GDDR6, 6GB ni méjèèjì. Ẹ lè ní ìyẹn ò tó nǹkan, àmọ́ iye dátà tó ń gba àárín mẹ́mórì àti ọpọlọ ẹ̀ kọjá ní sẹ́kọ́ńdì kan, 192GB ni ti 1660, 336GB ni ti Super. Kódà 1660 Ti tó wọ́n jù ú lọ, 288GB nìyẹn ń gbé. Nígbà tí wọ́n jáde ní Amẹ́ríkà, 219 dọ́là ni 1660, 229 ni Super, dọ́là mẹ́wàá péré ló wà láàárín wọn, ohun tó ń múnú bí mi nìyẹn táwọn ọlọ́jà wa bá lé owó rẹpẹtẹ lé e.

Nínú gèémù, Super fi bí ìdá mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún ju 1660 lọ. Àmọ́ níbi tẹ́ẹ ti ń export (ìyẹn gbígbé fídíò tẹ́ẹ ti gé tán jáde), ẹ má retí ìyàtọ̀ ńlá o, encoder (apá tó ń di fídíò pọ̀) kan náà ló wà nínú méjèèjì. Torí náà tí iye tó fi lé e ò bá ju bí ìdá mẹ́wàá owó 1660 lọ, ẹ mú Super. Tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, ẹ mú 1660 kẹ́ẹ fi ìyókù ra RAM.

1070 ní tiẹ̀, 8GB yẹn dùn lójú, nínú gèémù òun àti Super jọ ń bára wọn rìn ni, àmọ́ káàdì 2016 ni, NVIDIA tó ń ṣe GTX sì ti dá dráífà (ètò tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà lo káàdì) tuntun fún gèémù dúró fún gbogbo GTX 10 látoṣù kẹwàá 2025, àtúnṣe ààbò nìkan ló kù fún wọn. Ọ̀rọ̀ yẹn ò kan 1660. 1050 Ti yín wà nínú ẹ̀ náà o.

Sọ́dà_Iná
Kẹ́ẹ ṣọ́ra fún RX 580 yẹn. Àkọ́kọ́ ná, RX 480 ọdún 2016 ni wọ́n da aṣọ míì bò ní 2017, ọpọlọ Polaris kan náà, shader (bíi CUDA core ti NVIDIA) 2304 kan náà, wọ́n kàn tì í kó sáré díẹ̀ sí i, iná tó ń jẹ wá kúrò ní 150W bọ́ sí 185W. 1660 Super ò ju 125W lọ, ẹni tó bá ń fi ínfátà ṣiṣẹ́ mọ ohun tí 60W máa ṣe sí bátìrì ẹ̀ tí NEPA bá mú iná lọ lóru.

Èkejì ló tún burú. Ní 2018 AMD tó ń ṣe RX gbé kan jáde ní Ṣáínà tó ń jẹ́ RX 580 2048SP, RX 570 gan-an ló wà nínú ẹ̀, òun ló sì kún inú ọjà tí wọ́n ń kó wọlé látọ̀hún. Káàdì yẹn ò burú o, àmọ́ ẹ má sanwó 580 fún 570. Ẹ ní kó ki káàdì bọ kọ̀ǹpútà, kẹ́ẹ ṣí GPU-Z (ètò tó ń fi ohun tó wà nínú káàdì hàn), kẹ́ẹ wo ibi tí wọ́n kọ Shaders sí, 2304 ni ojúlówó.

Dúpẹ́_Peckham
Bọ̀ọ̀dá Adìgún, ẹ fi gbogbo GTX yẹn sílẹ̀ jàre. Ẹ rí ẹni bá yín mú RTX 2060 Super bọ̀ láti London, refresh (àtúnṣe) tó ní láárí nìyẹn, 2060 lásán jẹ́ 6GB, core 1920, Super ẹ̀ jẹ́ 8GB, core 2176, ó tún ní DLSS (ọgbọ́n tó ń mú gèémù yára) tí gbogbo 1660 ò ní.

Àbẹ̀kẹ́_PC
Dúpẹ́, òótọ́ lo sọ, àmọ́ tí káàdì bá kú lọ́nà ta ló máa dá a padà sí Peckham? Èyí tó wà n'Íkẹjà, èèyàn lè fojú rí i kó tó sanwó.

Adìgún, ẹ tún gbọ́ o, mẹ́mórì tó ń mú 1660 Super dára yẹn náà ló mú káwọn tó ń fi káàdì wa Ethereum (owó orí íńtánẹ́ẹ̀tì) fẹ́ràn ẹ̀ títí di 2022, ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ ẹ̀ ló ti ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru. Ẹ jẹ́ kó gbá gèémù lórí ẹ̀ fún ìdajì wákàtí lójú yín, tí àwọ̀ bá ń ṣẹ́jú lójú sìkíríìnì tàbí tí fáànù ń han, ẹ bá tiyín lọ. Páwà sọ́pláì yín wá ń kọ́?

Adìgún_Fídíò
Ẹ ṣé gan-an Àǹtí Àbẹ̀kẹ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tú ìdí ẹ̀ wò ni, HP ilé iṣẹ́ ni kọ̀ǹpútà yìí, 320W ni wọ́n kọ sí i, 1050 Ti tèmi ò lo wáyà kankan, inú bọ́ọ̀dù ló ti ń fa iná ẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́_PC
Hẹn-ẹ́n, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. 1660 Super fẹ́ wáyà 8-pin, 450W ni NVIDIA sì ní kéèyàn lò. Ẹnu wáyà ọ̀pọ̀ HP wọ̀nyẹn ò sì bá ti ọjà mu, ẹ máa ra páwà sọ́pláì pẹ̀lú adapter. Ẹ ro iye yẹn mọ́ ọn kẹ́ẹ tó dúnàádúrà káàdì.

Adìgún_Fídíò
Ó dáa, ó di 1660 lásán nìyẹn, èlé orí Super á bá mi ra páwà sọ́pláì. Mo ti ní kó ya GPU-Z mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, ó ti rí i, kò tíì fèsì.

Sọ́dà_Iná
Tó bá fèsì, ẹ bá mi wo ti 580 yẹn, tó bá jẹ́ 2304 èmi máa gbé e.