Ẹrù ẹlòmíràn tí wọ́n gbé sí ẹnu ọ̀nà mi: ṣé ó ti di tèmi?

Ìyá Fèyí (Lọ́ńdọ̀nù)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, mo ń retí lẹ́ẹ̀sì tí mo rà fún ìgbéyàwó àbúrò ọkọ mi. Ní ọjọ́ tí wọ́n ní yóò dé, mo bá páálí kan lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo sì tú u láìwo orúkọ tí ó wà lára rẹ̀, nítorí pé ọkàn mi ti wà lọ́dọ̀ aṣọ. Fóònù tuntun ni mo bá níbẹ̀, irú èyí tí owó rẹ̀ ń ba èèyàn lẹ́rù. Ìgbà náà ni mo tó ka àdírẹ́sì: nọ́ńbà ilé bá tiwa mu, orúkọ òpópónà bá tiwa mu, àfi pé "Close" ni wọ́n kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀, nígbà tí tiwa jẹ́ "Road". Ìhà kejì Lọ́ńdọ̀nù ni Close náà wà, n kò sì mọ ẹni tí ó ni orúkọ náà rí.

Bàbá Fèyí ní òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ pé ohun tí èèyàn kò bá béèrè, tí wọ́n bá gbé e wá fún un, ẹ̀bùn ni. Ó tún ní ilé ìtajà yóò ti fi òmíràn ránṣẹ́ sí ẹni tí ó rà á, nítorí náà kò sí ẹni tí ó pàdánù. N kò lè bá a jiyàn, nítorí n kò mọ òfin, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni mo ti gbé fóònù yìí sí orí kọ́bọ́ọ̀dù, tí mo ń wò ó bí ẹni ń wo àlejò tí kò sọ ọjọ́ tí yóò lọ. Ṣé òótọ́ ni ọkọ mi sọ? Ṣé mo sì ti rú òfin nípa títú tí mo tú u?

Agbẹjọ́rò Àbúrò Yín

Ẹ kú ìrònú, mà. Iṣẹ́ òfin ni mò ń ṣe níhìn-ín. Òfin tí Bàbá Fèyí ń tọ́ka sí wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun mìíràn ni wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe é. Nígbà kan, àwọn oníṣòwò kan a máa fi ọjà ránṣẹ́ sí ẹni tí kò rà á, wọn a sì fi ìwé owó tẹ̀ lé e, pé bí kò bá ti dá a padà, kí ó sanwó. Òfin ọdún 1971 ni ó kọ́kọ́ dá wọn lẹ́kun: bí oṣù 6 bá kọjá tí ọlọ́jà kò wá gbé e, tàbí bí ẹni tí ó gbà á bá kọ̀wé sí i tí ọjọ́ 30 sì kọjá, ọjà ti di ti ẹni tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tún un ṣe tí ó fi di ẹ̀bùn lójú ẹsẹ̀. Ẹni tí wọ́n dìídì fi ọjà ránṣẹ́ sí ni òfin yẹn ń gbèjà. Fóònù tí ó wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù yín kò bá ẹ̀yin wá, ó ṣìnà ni.

Èyí tí ó kàn yín ni Òfin Olè Jíjà ti ọdún 1968. Abala 3 sọ pé bí nǹkan bá tilẹ̀ dé ọwọ́ èèyàn láìjẹ́ pé ó jí i, bí ó bá wá pa á mọ́ tàbí tí ó ń lò ó bí ẹni pé òun ni ó ni ín, ìgbà náà ni òfin kà á sí ẹni tí ó gba ohun olóhun. Abala 5 sì bá ẹni tí ó rí nǹkan gbà nípa àṣìṣe ẹlòmíràn wí. Ní ọdún 1984, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn gbé abala yìí yẹ̀ wò lórí ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá obìnrin kan tí wọ́n ṣèèṣì san £74.74 lé owó iṣẹ́ rẹ̀ sí báǹkì. Àwọn adájọ́ ní ẹni tí ó mọ̀ pé owó náà kì í ṣe tòun, tí ó sì pinnu pé òun kò ní dá a padà, lè jẹ̀bi olè. Ẹ̀wọ̀n ọdún 7 ni òpin ìyà rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò rò pé adájọ́ kankan yóò tìtorí fóònù kan dé ibẹ̀. Ohun tí wọ́n máa ń wò ni àìṣòótọ́. Ẹni tí ó ń wá bí yóò ṣe dá ẹrù padà kì í ṣe aláìṣòótọ́, ṣùgbọ́n bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bá di oṣù mẹ́ta, àlàyé yín yóò máa le sí i.

Ní ti títú, ẹ fọkàn balẹ̀. Òfin ìfìwéránṣẹ́ ti ọdún 2000, abala 84, ń bá ẹni tí ó mọ̀ tàbí tí ó fura pé ẹrù náà ṣìnà wí, tí ó sì tú u pẹ̀lú èrò láti pa ẹlòmíràn lára. Aṣọ ni ẹ̀yin ń wá.

Awakọ̀ Peckham

Ẹ jẹ́ kí n dá sí ti "kò sí ẹni tí ó pàdánù" yẹn, nítorí pé ó dùn mí. Òótọ́ ni pé ẹni tí ó ra fóònù kò ní ru àdánù: òfin oníbàárà ti ọdún 2015 sọ pé ọrùn ẹni tí ó tà á ni ewu ọjà wà títí yóò fi dé ọwọ́ ẹni tí ó rà á. Ṣùgbọ́n olùtajà a máa di ilé iṣẹ́ akẹ́rù mú, ilé iṣẹ́ akẹ́rù a sì máa yíjú sí awakọ̀. Èmi tí mò ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n ti yọ owó páálí kan tí ó sọnù kúrò lára owó mi rí, nígbà tí ó jẹ́ pé fọ́tò ilẹ̀kùn tí mo yà ṣì wà lórí fóònù mi. Ojú kan náà ni "Road" àti "Close" ní nọ́ńbà kan náà jẹ́ fún ẹni tí ó ní ẹrù tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún láti pín kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ẹ má gbé e lọ sí ilé ẹni tí ẹ kò mọ̀ o. Ẹ ya àwòrán ìwé tí ó wà lára páálí, kí ẹ kọ̀wé sí ilé ìtajà tí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, kí ẹ sì ní kí wọ́n wá gbé ẹrù wọn ní ọjọ́ tí ó rọ̀ yín lọ́rùn. Owó ìgbàpadà kò kàn yín. Kí ẹ sì fi èsì wọn pamọ́.

Àǹtí Houston

Ní Amẹ́ríkà níhìn-ín náà, òfin ọdún 1970 sọ pé ọjà tí èèyàn kò rà tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i lórúkọ ara rẹ̀ lè di ẹ̀bùn. Ní ọdún 2020, ọ̀pọ̀ èèyàn rí irúgbìn gbà láti Ṣáínà láìbéèrè, ìjọba sì ní kí wọ́n má gbìn ín, kí wọ́n pe ilé iṣẹ́ ọ̀gbìn. Ṣùgbọ́n lẹ́tà tàbí ẹrù tí ó ní orúkọ aládùúgbò, ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni lójú òfin kí a gbé e pamọ́ kí ó má bàa tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́.

Bàbá Alhaji, Ìbàdàn

Ìyá Fèyí, ọmọ mi, òfin tiwa náà sún mọ́ èyí tí agbẹjọ́rò kà sílẹ̀. Abala 383 nínú òfin ìwà ọ̀daràn ilẹ̀ wa fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tí ó rí ohun tí ó sọnù he, bí kò bá mọ olówó rẹ̀, tí ó sì ní ìdí gidi láti gbà pé a kò lè rí i. Orúkọ ti wà lára páálí tìrẹ. Àyè yẹn kò sí fún ọ. Nínú ẹ̀sìn Ìsìláàmù, odidi ọdún kan ni wọ́n ní kí a fi kéde ohun tí a bá rí he. Ìwé Diutarónómì orí 22 sì sọ fún àwọn Kìrìsìtẹ́nì pé bí o kò bá mọ ẹni tí ó ni màlúù tí ó ṣáko, mú un wá sí ilé rẹ títí yóò fi wá a dé ọ̀dọ̀ rẹ. Nígbà tí a wà ní kékeré, ìyá mi a máa pa iṣu sí ẹ̀bá ọ̀nà oko, a ó kó òkúta síwájú rẹ̀ láti fi iye owó hàn, kò sì sí ẹni tí ó ń ṣọ́ ọ. Nígbà tí a bá dé ní ìrọ̀lẹ́, owó ni a máa bá níbẹ̀. Sọ fún ọkọ rẹ pé mo kí i.

Ìyá Fèyí (Lọ́ńdọ̀nù)

Ẹ ṣé gan-an ni. Mo ka ọ̀rọ̀ awakọ̀ yẹn sí Bàbá Fèyí létí, ó sì dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, nítorí pé òun náà ti wakọ̀ akẹ́rù rí nígbà tí a kọ́kọ́ dé ìlú yìí. Ilé ìtajà fèsì ní ọjọ́ kejì, wọ́n ní wọ́n ti fi òmíràn fún oníbàárà wọn, wọ́n sì fi ìwé ìfiránṣẹ́ tí a ó lẹ̀ mọ́ páálí ránṣẹ́ sí wa láìgba owó kankan. Ọkọ mi fúnra rẹ̀ ni ó gbé e lọ sí pósítọ́fíìsì, ó sì gba rìsíìtì bọ̀.

Lẹ́ẹ̀sì mi ni kò tíì dé. Bí ẹnikẹ́ni bá ń gbé ní "Close" yẹn, kí ó jọ̀wọ́ wo orí kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀.