Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: mo fẹ́ fi iṣẹ́ sójà sílẹ̀, kí n máa ya fọ́tò l'Óṣogbo

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Látìgbà tí mo ti wálé ni ìyàwó mi ti ń bínú. Àwọn àna mi ní ṣé fọ́tò ni ọkùnrin tó gbébọn rí fẹ́ fi bọ́ ọmọ? Mo ti ra kámẹ́rà àti lẹ́ńsì 85mm tó ń fa ojú èèyàn súnmọ́, mo sì gba ṣọ́ọ̀bù kékeré nítòsí Ọláìyá. Mi ò fẹ́ máa lé òde ìnáwó kiri. Àwòrán ojú èèyàn ló wù mí: kí ìyá àgbà jókòó, kí ilà ojú wọn yọ kedere. Ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà ní mò ń pàṣẹ fáwọn bíi sójà lórí páréèdì. Lánàá, omidan kan dìde lórí àga, ó ní kí n dá owó òun padà. Ìṣojú àna mi ni! Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Ìbejì Òkè-Fíà: Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Nígbà tí bàbá àwọn ọmọ mi fẹ̀yìn tì, wọ́n ní adìẹ làwọn fẹ́ sìn. Ẹbí fi wọ́n ṣẹ̀sín títí. Ẹyin adìẹ yẹn la fi rán àbíkẹ́yìn wa nílé ìwé. Má dá àna lóhùn.

Fótò Ìgbọ̀nà: Kọ́kọ́ bá wọn tàkúrọ̀sọ kí o tó gbé kámẹ́rà sójú. Nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré, 85mm á mú kí ẹ̀yìn rẹ kan ògiri, orí àti èjìká nìkan ni wàá rí yà. Lẹ́ńsì 50mm, tó ń rí ibi tó fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ló bá ibẹ̀ mu. Gbé àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Bí ẹni dúdú bá wọ léèsì funfun, kámẹ́rà á tẹ̀ lé funfun yẹn, á dín ìmọ́lẹ̀ kù, ojú á wá ṣú. Ojú ẹni tí ò ń yà ni kí o fi díwọ̀n ìmọ́lẹ̀, kì í ṣe aṣọ rẹ̀.

Ẹni tó béèrè: Mi ò ra lẹ́ńsì mìíràn o. Èyí tí mo ní dára.

Sójà Àná: Àbúrò, ṣé ìwé ìdásílẹ̀ rẹ ti jáde? Ṣé o lọ sí NAFRC ní Oshodi, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tó fẹ́ fẹ̀yìn tì níṣẹ́ ọwọ́?

Ẹni tó béèrè: Ẹ̀gbọ́n, mo ti kọ̀wé, wọn ò tíì fèsì. Ìsinmi ni mo gbà wálé. Ó ti parí, ṣùgbọ́n mi ò lè ti ṣọ́ọ̀bù pa.

Sójà Àná: Háà! Ọ̀rọ̀ fọ́tò kọ́ nìyẹn mọ́. Sójà ṣì ni ọ́. Ẹni tó bá jókòó sílé láìgbàṣẹ, ilé ẹjọ́ ológun ló ń bá a ṣe é. Padà sí bárékè!

Ìyá Ìbejì Òkè-Fíà: Ẹ má dẹ́rù bà á báyẹn, ọmọ ọlọ́mọ ni.

Sójà Àná: Mà, ẹ̀rù yẹ ẹ́.

Fótò Ìgbọ̀nà: Fi kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún ìyàwó rẹ. Oṣù kẹjọ, ọdún Ọ̀ṣun, àlejò á pọ̀. Bí ìwé bá ti jáde, wàá rí iṣẹ́ ṣe.

Ẹni tó béèrè: Ìyàwó mi ò mọ̀ pé ìsinmi ti parí.

Sójà Àná: Sọ fún un lálẹ́ yìí. Kí o wọ mọ́tò láàárọ̀ ọ̀la.