Ilé oúnjẹ Íńdíà àti Bàǹgíládéṣì àdúgbò: kí la máa ní kí wọ́n gbé wá?

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ (Lọ́ńdọ̀nù)
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Èèyàn mẹ́fà la fẹ́ lọ jẹun lálẹ́ Sátidé. Mo wo ìwé oúnjẹ wọn, ó lé ní ọgọ́rùn-ún nǹkan. Orúkọ ni mo rí, n ò rí àlàyé. Ẹni méjì nínú wa fẹ́ràn ata gidi. Wàrà kì í bá Màmá wa lára mu. Ọmọ kan ò gbọdọ̀ fẹnu kan ẹ̀pà rárá. Kí ni ká gbà, mélòó ló sì máa tó?

Alásè Lewisham
Ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ tí wọ́n ń pè ní ti Íńdíà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ Bàǹgíládéṣì ló ni wọ́n, pàápàá àwọn ará agbègbè Sylhet níbẹ̀. Ìkòkò ọbẹ̀ kan ni wọ́n máa ń sè sílẹ̀: àlùbọ́sà rẹpẹtẹ, ááyù, ata ilẹ̀, tòmátò díẹ̀. Wọ́n á sè é títí á fi rọ̀, wọ́n á lọ̀ ọ́ kúnná. Bí ẹ bá ti sọ ohun tí ẹ fẹ́, wọ́n á bu nínú rẹ̀ sí páànù gbígbóná, wọ́n á da ẹran tó ti jinná sí i, èròjà á tẹ̀ lé e. Ìdí nìyẹn tí ọbẹ̀ madras àti ọbẹ̀ vindaloo fi jọra: ata ló kàn ń pọ̀ sí i. Phaal ló ta jù, ìyẹn ti kúrò ní oúnjẹ, ó ti dìjà. Tí ẹ bá gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọbẹ̀ kan lẹ sanwó rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.

Kí àwọn tó fẹ́ràn ata gba bhuna ẹran àgùntàn, kí wọ́n ní kí wọ́n fi ata tútù kún un. Wọ́n máa ń dín in títí omi á fi gbẹ, tí ọbẹ̀ á so mọ́ ẹran, bí ata díndín tiwa gan-an. Jalfrezi náà dára: ata tútù, tàtàsé àti àlùbọ́sà tí kò tíì rọ̀ tán.

Ìyá Ìbejì
Ọ̀rọ̀ ẹ̀pà yẹn kì í ṣeré o. Ọbẹ̀ korma àti pasanda, ìyẹ̀fun almond (kóró èso kan) ni wọ́n sábà fi ń mú un ki, àwọn míì tún ń fi sí ọbẹ̀ tikka masala. Almond wọ́n, àwọn kan sì ń fi èyí tí wọ́n lọ ẹ̀pà mọ́ rọ́pò rẹ̀. Lọ́dún 2016, ilé-ẹjọ́ kan ní àríwá England rán onílé oúnjẹ kan lẹ́wọ̀n ọdún mẹ́fà nítorí irú rẹ̀, torí oníbàárà kú. Peshwari naan náà, búrẹ́dì pẹlẹbẹ tó sábà ní almond nínú, ẹ má fún ọmọ yẹn.

Ẹ pè wọ́n lọ́sàn-án kí èrò tó dé. Ẹ má bi wọ́n pé "ṣé ẹ̀pà wà níbẹ̀?" nìkan. Ẹ bi wọ́n pé ìyẹ̀fun wo ni wọ́n ń lò, kí sì ni wọ́n kọ sára ike rẹ̀. Òfin ní kí wọ́n lè sọ ọ́: ẹ̀pà, wàrà àti músítádì wà lára ohun 14 tí ara àwọn kan lè kọ̀ tí òfin kà sílẹ̀. Ẹni tó bá kánjú dáhùn pé "kò séwu", ẹ wá ibòmíì.

Ti Màmá: naan sábà máa ń ní yọ́gọ́ọ̀tì tàbí wàrà, inú yọ́gọ́ọ̀tì náà ni wọ́n ti ń rẹ ẹran tandoori, ìyẹn ẹran tí wọ́n ń yan nínú ààrò amọ̀. Chapati ni kí wọ́n gbà, ìyẹ̀fun àlìkámà àti omi ni. Tarka dal (ọbẹ̀ ẹ̀wà wẹ́wẹ́) dára fún wọn, bí wọ́n bá fi òróró dín ááyù rẹ̀. Bọ́tà yíyọ́ ni ghee, ẹ sọ pé ẹ ò fẹ́ ẹ.

Ẹlẹ́ja
Ojú ewé tí wọ́n kọ ti Bàǹgíládéṣì sí, ẹ̀yin méjèèjì fò ó! Ẹ wá shatkora níbẹ̀: èso bí ọsàn, èèpo rẹ̀ nípọn, èèpo yẹn ni wọ́n ń gé sínú ọbẹ̀ ẹran màlúù. Ó korò díẹ̀, òórùn rẹ̀ ń gba ilé kan. Bí wọ́n bá gé e pọ̀ jù, ìkorò á bo ẹran mọ́lẹ̀.

Ilish, ẹbí ṣáwá ni, ó lọ́ràá, wọ́n ń fi músítádì sè é. Egungun rẹ̀ tínrín bí irun: ọwọ́ ni kí ẹ fi jẹ ẹ́, ṣíbí ò lè mọ̀ ọ́n, ẹ má sì fún ọmọdé. Bhorta ńkọ́? Pòtétò, ikàn sísun tàbí ẹja gbígbẹ tí wọ́n ń pè ní shutki, tí wọ́n gún mọ́ àlùbọ́sà tútù, ata àti òróró músítádì. Ẹni tó ń jẹ irú ò ní sá fún shutki.

Fún ẹni mẹ́fà: bhuna kan, jalfrezi kan, shatkora kan, ilish kan, dal kan, bhorta méjì, abọ́ ìrẹsì mẹ́rin, chapati mẹ́fà. Ẹ ṣọ́ra fún poppadom, ìpápánu pẹlẹbẹ tó ń dún wọ́wọ́ lẹ́nu, òun ló ń yó èèyàn kí oúnjẹ tó dé. Bí ata bá mú ẹnu, omi ò ràn án. Lassi (yọ́gọ́ọ̀tì mímu) ló ń pa á, àmọ́ wàrà ni, kì í ṣe ti Màmá.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ (Lọ́ńdọ̀nù)
Ẹ ṣé gan-an ni. Ṣé kí n sọ ti ilish fún wọn ṣáájú?

Ẹlẹ́ja
Ó kéré tán, lọ́jọ́ Jímọ̀. Ó máa ń dì nínú yìnyín, bí wọ́n bá fi omi gbígbóná kánjú yọ́ ọ, á fọ́. Ẹ bèèrè bóyá ẹyin wà nínú rẹ̀. Bó bá wà, ẹ ní kí wọ́n dín in lọ́tọ̀.